Gìtá Tí Kò Sí Lórí Pèpéle

Ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Abẹ́rẹ́ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aránṣọ. Díjéè ni. Láyé ìgbà tí orin ṣì wà nínú àwo dúdú pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á jáde, òun nìkan ló lè sọ abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀ sórí ìlà tó bá wù ú láìjẹ́ kí àwo han. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyá tó bí i lọ́mọ ní láti ronú díẹ̀ kó tó rántí èyí tí òun sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ gidi ti kúrò nínú iṣẹ́ náà báyìí, àwo náà ti kúrò. Gbogbo orin ayé ti rún ara wọn wọnú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ọkùnrin náà ló ṣẹ́ kù.

Ilé oúnjẹ tí oníbàárà kì í ti í sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn á wa mọ́tò rẹ̀ wọlé, á dúró sáàárín ìlà funfun méjì, á ṣẹ́ iná iwájú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, obìnrin kan tó so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí á sì gbé tiréè oúnjẹ wá, á fi kọ́ ojú fèrèsé. Sípíkà mẹ́jọ ló wà lórí òpó káàkiri ọgbà. Ẹni tó bá gbádùn orin á fọn họ́ọ̀nù. Ẹni tí kò bá gbádùn rẹ̀ á yí gíláàsì rẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ máa ń sọ pé nínú gbogbo ibi tí òun ti ṣeré, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fi bátìrì pàtẹ́wọ́.

Yàrá onígíláàsì kékeré kan wà lórí òrùlé ilé ìdáná, àkàbà irin ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń wà láti ọ̀sán títí tí oòrùn á fi wọ̀. Òórùn epo gbígbóná tí wọ́n fi ń dín adìẹ àti pọ̀tétò máa ń gba àlàfo pákó yọ sí i, débi pé bó bá délé, ológbò nìkan ló máa ń sáré pàdé rẹ̀.

Níwájú ọgbà, lápá ọ̀tún, pèpéle onípákó kan wà tí wọ́n ta tapólì lé lórí. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń lò ó, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́fà bá wá fi ọwọ́ àti ẹnu ara wọn ṣeré. Olórí wọn, tó ń ta gìtá, tó sì ń kọrin, ni bàbá tó bí ìyàwó Abẹ́rẹ́.

Bàbá Onígìtá kò kọ́kọ́ ka ọkọ ọmọ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ wá fojú hàn án, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Abẹ́rẹ́ ní olórin ni òun. Bàbá ní ohun èlò wo ló ń lò. Abẹ́rẹ́ wá ń ṣàlàyé, ó ṣàlàyé títí tíì tó wà níwájú wọn fi di tútù. Nígbà tó parí, bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ó máa ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tan iná."

Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti jọ ń bọ̀, wọ́n sì ti mọwọ́ ara wọn. Bàbá yìí kan náà ló mú Abẹ́rẹ́ lọ bá Màdáàmù tó ni ilé oúnjẹ, tó sọ fún un pé bó bá ń wá ẹni tí etí rẹ̀ pé, ẹni náà nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan ṣe. Òun náà ló ní kí Abẹ́rẹ́ máa gba eré wọn sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè jókòó gbọ́ àṣìṣe wọn lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù àgbà. Ọdún méjì ni Abẹ́rẹ́ fi ń gbà á sílẹ̀, kò sì sí èrò burúkú kankan níbẹ̀. Bí ọ̀ràn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọgbà kún fọ́fọ́. Ẹgbẹ́ olórin ti kọ ẹsẹ kìíní orin kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n ń wọ ẹsẹ kejì, ni òjò bá dé láìkan ilẹ̀kùn. Omi kọ́kọ́ gbára jọ sórí tapólì, ó wá da gbogbo rẹ̀ sórí onílù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbá ohun èlò wọn mọ́ra, wọ́n sá wọ abẹ́ òrùlé ilé ìdáná, níbi tí ariwo òjò lórí páànù kò ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí Abẹ́rẹ́ ṣe kò pẹ́ ju kéèyàn dá itọ́ mì lọ. Orin kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Onílù wọn kì í yára, kì í sì í falẹ̀, bí aago ni. Abẹ́rẹ́ rọra fa èyí tó ń kú lọ sílẹ̀, ó rọra gbé èyí tó wà láàyè dìde, ó fi ọ̀rọ̀ kan náà pàdé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu bàbá kan náà. Omi ti bo gíláàsì mọ́tò gbogbo, kò sẹ́ni tó rí pèpéle. Orin ń lọ. Nígbà tó parí, họ́ọ̀nù dún láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ yọ ohun etí tó fi ń gbọ́ orin kúrò lórí. Ó lé lógún ọdún tó ti ń so orin mọ́ orin, kò so èyí tó dáa tó báyìí rí. Wàhálà tó wà nínú irú iṣẹ́ yẹn ni pé bó bá ti dáa tán, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan.

Màdáàmù gun àkàbà wá, agbòjò lọ́wọ́. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ bá òun kí àwọn àgbàlagbà yẹn o, pé akọni ni wọ́n, pé ẹni tó bá lè ṣeré nínú irú òjò yìí lè ṣeré nísàlẹ̀ odò. Ohun tó yẹ kéèyàn fi dáhùn kò ju "Wọ́n á gbọ́, mà" lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú Abẹ́rẹ́ ń dùn, inú dídùn kì í sì í jẹ́ kí ètè méjèèjì pàdé.

"Màdáàmù, àwọn wo?" ló wí. "Wọ́n ti wà lábẹ́ òrùlé yín níbí láti ẹsẹ kejì. Èmi lẹ ń gbọ́."

Màdáàmù wo pèpéle. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi omi. Ó wo àwọn mọ́tò. Ó wá wo Abẹ́rẹ́.

"Ṣé o ní púpọ̀ nínú ẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ rò pé ó ń yin òun ni. "Ti ọdún méjì, mà. Létòlétò ló wà."

Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ti Abẹ́rẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: ẹnu tirẹ̀, àna rẹ̀ ló pa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màdáàmù pe ẹgbẹ́ olórin jókòó, ó fún wọn ní nǹkan mímu tútù, ó sì fi ohùn tó tutù ju nǹkan mímu náà lọ sọ fún wọn pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ ohun tuntun. Kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò òdòdó mẹ́ta sórí pèpéle, kó má bàa dà bí ibi tí wọ́n ti lé èèyàn. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì bí wọ́n ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́, gìtá àna rẹ̀ jáde nínú sípíkà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn oníbàárà sì fọn họ́ọ̀nù fún òdòdó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, bàbá wá sílé wọn. Ìyàwó Abẹ́rẹ́ ń lọ aṣọ ní yàrá kejì. Bàbá jókòó sórí àga tí sípíríǹgì rẹ̀ ti já, kò sì kùn nípa rẹ̀ bó ṣe máa ń kùn. Ohun tó kọ́kọ́ já Abẹ́rẹ́ láyà nìyẹn. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fìdí rẹmi nílé ìwé. Ó ní òun ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ òun léèrè, gbogbo wọn ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, àmọ́ òun mọ̀ pé wọ́n ń pọ́n òun lé ni.

"Ìwọ lo máa ń gbọ́ wa nínú nǹkan tó o ń dé sétí yẹn," ni bàbá wí. "Má tàn mí. Ṣé ọwọ́ mi ti ń lọ ni?"

Ìdáhùn méjì péré ló wà. Bí Abẹ́rẹ́ bá ní rárá, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló wá dé tí wọ́n fi dá àwọn dúró, ibẹ̀ sì ni òjò ọjọ́ yẹn á ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù dúró ní yàrá kejì.

"Bàbá," ló wí, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ."

Bí a bá fojú agbẹjọ́rò wò ó, kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ ń lọ lóòótọ́. Kò tíì sígbà tí ọjọ́ kì í lọ. Bàbá mi orí pé òun gbọ́. Ó ní ó ṣeun, pé nínú gbogbo wọn, ọkọ ọmọ òun nìkan ló ní ìgboyà láti sọ òótọ́ fún òun. Ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó lọ tán, Abẹ́rẹ́ ki ọwọ́ náà bọ àpò, torí kò mọ ibòmíì tí òun lè gbé e sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ti fi àpò ìrọ̀rí bo gìtá rẹ̀, tó gbé e kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wá ń jókòó lójú fèrèsé, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì ń bá a jiyàn. Ìyàwó Abẹ́rẹ́ á lọ kí i, á padà wá sọ pé wọ́n dáa, wọ́n ń jẹun, pé ìka wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n bá fi ọwọ́ kejì dì í mú bí ẹni mú olè.

Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ti Abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ pamọ́: sípíkà mẹ́jọ ló ń ké e síta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbìyànjú láti dín ohùn rẹ̀ kù, Màdáàmù ránṣẹ́ pé kó gbé e sókè. Ó gbìyànjú láti má fi ẹ̀rọ sétí, kó kàn jẹ́ kí orin máa lọ, kóun máa wo òdòdó. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ orin ń bàjẹ́, kò sì lè fara da ìsopọ̀ tó bàjẹ́. Èèyàn burúkú náà ní ohun tí ojú máa ń tì í láti ṣe. Ló bá tún dé e sétí. Láàárín orin méjì, níbi tí bàbá rò pé máíkì ti kú, Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ tó ń sọ fún onífèrè wọn ní jẹ́jẹ́ pé, "Ní sùúrù. Ọmọ mi ń tún nǹkan ṣe lókè." Kò ní ọkọ ọmọ mi. Ó ní ọmọ mi. Nígbà tí ọgbà ṣófo, Abẹ́rẹ́ fa ibẹ̀ padà, ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó di oṣù kẹta kí onífèrè tó wá bá a lábẹ́ àkàbà. Ọkùnrin gígùn kan ni, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń rí bíi pé ó tọ́jú nǹkan síbẹ̀. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ń wá ẹgbẹ́ olórin tí á máa ṣeré fún wọn lọ́sàn-án; máníjà ibẹ̀ ti jókòó nínú mọ́tò gbọ́ wọn rí, àwọn ló sì fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gbọ́ èsì. Nínú àwọn mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, ẹni náà sì ni olórí.

"Gbogbo wa la ti bẹ̀ ẹ́," ni onífèrè wí. "Ó ní ọwọ́ òun ti lọ. Ó ní ọkọ ọmọ òun ló sọ fún òun, ìyẹn ò sì lè purọ́ fún òun láé. Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan ló ń gbà gbọ́. Bá wa dá sí i."

Abẹ́rẹ́ ní òun máa rí sí i. Ó gun àkàbà padà, ó sì gbé orin mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan rárá jáde léraléra. Màdáàmù ránṣẹ́ bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé bàbá. Yàrá kan ṣoṣo ni bàbá ń gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àga méjì, sítóòfù kan lójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá dé ohun etí náà sí bàbá lórí, ó tẹ bọ́tìnnì. Bàbá di ojú, ó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́.

"Èmi nìyí," ló wí. Ó ń pariwo díẹ̀, bíi gbogbo ẹni tí wọ́n dí létí. "Ìgbà wo nìyí?"

"Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ti òjò yẹn."

Bàbá tún gbọ́ díẹ̀. "Kí ló wá ṣe ọwọ́ yìí?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Bàbá. Kò sí nǹkan tó ṣe é rí."

Ó wá sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: òjò, ìsopọ̀ orin, Màdáàmù pẹ̀lú agbòjò, àti ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kò gbà á láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì. Orí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Bàbá kò jágbe mọ́ ọn. Ó yọ ohun etí, ó ń rọra ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Ṣé ó bi ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"O kàn sọ ọ́."

"Mo kàn sọ ọ́."

"Torí kó lè mọ̀ pé o mọṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ tábìlì.

Bàbá rò ó wò. "Olórin ni ọ́ nígbà náà," ló wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń jiyàn ẹ̀. Dìde níbẹ̀ yẹn."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ti tán.

"Ìyẹn, mo gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Ọjọ́ òjò, ẹnu yọ̀ ọ́. Ẹnu ti yọ èmi náà rí. Àmọ́ ọjọ́ tí mo jókòó nílé ẹ, tí mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì síwájú ẹ, tí mo bi ọ́ léèrè, òjò wo ló ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá kò dúró de èsì. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bọ́ àpò ìrọ̀rí lára gìtá, ó jókòó, ó tún okùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tán. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Níbi tó yẹ kí ìka ti sáré, ìka dúró ń wo ara wọn. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un ta, okùn kan kùn bí eṣinṣin. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Awọ líle tó máa ń wà lórí ìka onígìtá ti rọ̀ dànù. Ìka ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ló kù síbẹ̀.

"O rí i," ló wí, kò sì bínú. "Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, irọ́ lo pa. Ó ti fẹ́ di òótọ́."

Ká ní ó gbá a létí ni, ara ì bá tu Abẹ́rẹ́.

Bàbá ní kó lọ sọ ọ́ fún onífèrè fúnra rẹ̀, kó má ṣe yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kó wá lọ bẹ òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n fún àwọn títí di ìparí oṣù. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó máa wá láràárọ̀ kó tó lọ síṣẹ́, kó jókòó, kó gbọ́ òun láìsí ẹ̀rọ. Bó bá dáa, kó sọ. Bí kò bá dáa, kó sọ. "Ọjọ́ tó o bá tún fi ọjọ́ orí mi dá mi lóhùn," ni bàbá wí, "má wá mọ́."

Onífèrè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó parí, ó bi Abẹ́rẹ́ bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ní rárá, ó ṣeun. Onífèrè ní ìyẹn dáa, torí òun ò ní fún un lómi. Ó tilẹ̀kùn. Ní òtẹ́ẹ̀lì, máníjà jẹ́ kó jókòó fún wákàtí méjì, ó wá ní ó dáa, ìparí oṣù, kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan lé e.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó bu oúnjẹ fún un dáadáa, ó fi omi tútù tì í, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun, sà." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ rí. Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú bú òun. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, èmi kì í bú àgbà," ó sì padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó gun àkàbà, ó dúró de Màdáàmù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti fi gbogbo òru to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ó sì ti gbà pé iṣẹ́ lè bọ́. Ó ní orin àwọn bàbá yẹn, òun ò ní lò ó mọ́, torí pé tiwọn ni, wọn ò sì sí níbẹ̀. Màdáàmù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá orin mìíì fi síbẹ̀. Ó yíjú padà sídìí àlùbọ́sà tí wọ́n ń gé. Abẹ́rẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta, gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sórí àga tí bàbá fi hàn án. Ó hàn pé bàbá ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Aládùúgbò kan ti gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sàn ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, kò sì tíì dáa. Orí ìka rẹ̀ ti pọ́n. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń wo Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ojú àgbàlagbà tó ń retí kí wọ́n yin òun, tí ìrètí náà sì ń tì í lójú.

Gbogbo ara Abẹ́rẹ́ ló fẹ́ sọ pé ó dáa. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Kò dáa, Bàbá."

"Níbo?"

"Ìlà kẹta. Ìka tó kéré jù ń pẹ́ dé."

Bàbá wo ìka náà bí ọ̀gá ṣe ń wo òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ ọ́ ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí Abẹ́rẹ́ máa ń wọ̀ lọ síṣẹ́ ń kọjá nísàlẹ̀ fèrèsé; ó gbọ́ ọ, kò dìde. Okùn tún kùn níbi kan náà. Abẹ́rẹ́ ní ibẹ̀ náà ni, ó sì dùn ún lára bíi pé ìka tirẹ̀ ló wà lórí okùn. Bàbá padà sí ìlà kẹta.